Ife Irin Apá Ọ̀tún

Hóró irin méjìlélógún ló wà lẹ́nu atúnkẹ̀kẹ́ṣe. Mo mọ iye wọn nítorí pé èmi ni mo kà wọ́n sí i lọ́wọ́, mo sì rí i bó ṣe da gbogbo wọn sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ̀pà. Obì ti pa ètè àti eyín rẹ̀ láró. Á fi ahọ́n ti ọ̀kan síwájú, hóró náà á yọ láàrin ètè rẹ̀ pẹ̀lú itọ́ pupa, á fi ìka méjì mú un, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ òrí tó ti fi kun inú ife irin ìdí pẹ́dà, á tún ti òmíràn síwájú. Kò sí gírísì nílùú nígbà náà, tàbí kí n kúkú sọ pé èmi ò rí i rà, torí mi ò wá gbogbo ilé ìtajà dé ibi tí mo fi lè búra. Òrí ni òun ń lò. Inú agolo tòmátì ló wà, ó ti díkàsì, àwọn èèrà tó wá jẹ ẹ́ ti kú sínú rẹ̀, kò sì yọ wọ́n.

Méjì já bọ́ sínú iyanrìn. Ó ṣà wọ́n, ó sọ wọ́n padà sẹ́nu, ó fi itọ́ ṣan iyanrìn ara wọn, ó tu iyanrìn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Mo ń sọ fún ara mi pé ìríra kì í ṣe ẹ̀rí. Pé nǹkan rí mi lára kò sọ ọ́ di ohun tí kò dára. Ó ṣeé ṣe kí itọ́ má ṣe irin ní ohunkóhun tí omi òjò kì í ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ro nǹkan. Ṣùgbọ́n mo gbójú lọ síbi àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú, kí èébì má baà gbé mi níwájú àwọn tó jù mí lọ.

Kẹ̀kẹ́ tó dorí kodò níwájú rẹ̀ kì í ṣe tèmi. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Kẹ̀kẹ́ eré ìje ni, ìlú Faransé ni wọ́n ti ṣe é, irin rẹ̀ tinrin, táyà rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Ní Kétu, nígbà tí mo wà ní kékeré, ó máa ń fọ̀ ọ́ kó tó fọ ojú ara rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sí Abidjan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ìjọba sì ti rán mi lọ sí Ṣábẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, mo tún gbọ́dọ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìparí ní Sakin, kò sì sí ọkọ̀ tí mo lè gbójú lé. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí lé kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn: kò ní òun fa kẹ̀kẹ́ lé mi lọ́wọ́.

"Gùn ún. Mi ò ní kó o má gùn ún," ó ní. "Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù kàn án. Irin rẹ̀ kì í ṣe irin tí wọ́n ń lù. Bí ọyẹ́ bá dé, màá wá mú un."

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́."

"Má gbọ́ lásán."

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni ìdí pẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹni tí kò bá tíì tú kẹ̀kẹ́ rí lè má mọ ohun tó wà níbẹ̀. Láàrin pẹ́dà méjèèjì, ọ̀pá irin kúkúrú kan wà nínú ara kẹ̀kẹ́, tó ṣófo bí ọ̀pá oparun. Ọ̀pá kékeré kan gba inú rẹ̀ kọjá, òun ni apá pẹ́dà méjèèjì so mọ́. Ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, ife irin kékeré kan wà tí hóró irin mọ́kànlá ń yí nínú rẹ̀. Wọ́n fín ìlà yí ẹ̀yìn ife náà ká, wọ́n sì fín irú ìlà kan náà sínú ara kẹ̀kẹ́, tí a fi ń yí ife náà wọlé bí a ti ń yí ìdérí ìgò. Bí ìlà inú ara kẹ̀kẹ́ bá bàjẹ́, mi ò mọ ẹni tó lè tún un ṣe ní Ṣábẹ̀ ìgbà náà. Ife ṣeé pààrọ̀. Ara kẹ̀kẹ́ kò ṣeé pààrọ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan ṣoṣo yìí ló wà ní àdúgbò wa, lójú ọ̀nà tó lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Òun náà ni délégé àdúgbò, aṣojú ìjọba láàrin wa. Òun ló ń kọ orúkọ ẹni tó wá síbi iṣẹ́ ìlú ní òwúrọ̀ Sátidé àti ẹni tí kò wá, òun ló ń kígbe "Ìjà ń bá a lọ!" kó tó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àti lẹ́yìn ìpàdé. Mi ò rí i kó fìyà jẹ ẹnikẹ́ni torí pé ó gbé kẹ̀kẹ́ lọ síbòmíràn. Òótọ́ ni mo gbọ́dọ̀ sọ. Ohun tí mo rí ni pé kò sẹ́ni tó ń gbé e lọ síbòmíràn.

Ọjọ́ tó tú ife àtijọ́ ni mo ti mọ irú iṣẹ́ tó wà níwájú mi. Èyí tó wà lápá òsì kò fún un ní wàhálà. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ló fọ́, ó sì kọ̀ láti ṣí. Ó fi kílé ńlá, irin tí wọ́n fi ń tú kẹ̀kẹ́, mú un, ó ń tì í sí ọ̀tún, ó ń lọ́ ara, òógùn ń kán láti imú rẹ̀ sínú irin. Ó ní ìpẹtà ló dì í mú. Nígbà tó lọ bu omi, mo gbá kílé náà mú, mo tì í sí òsì. Ó ṣí ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láìjanpata.

Ó padà dé, ó bá ife náà lọ́wọ́ mi. Ó yíjú sí télọ̀ tí àgọ́ rẹ̀ fara kan tirẹ̀, ọkùnrin kan tó máa ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó sì máa ń fetí sí ohun gbogbo.

"Ẹ rí i? Mo ti tú u tán. Atẹ́gùn lásán ló kù kó fẹ́ ẹ."

"Ó tọ́!" ni télọ̀ wí. "Ọwọ́ délégé ni, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ ilé ìwé."

Délégé ní kí n wá ife tuntun méjì, obìnrin kan tó ń kó ọjà wá láti Nàìjíríà, tó ń gba apá odò Ọ̀kpàrà, sì ní méjì nínú bébà olóròóró. Mo rà wọ́n. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mo fi èéfín fìtílà kun ẹ̀yìn ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àtijọ́ méjì, tuntun méjì, mo sì yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìwé funfun. Ìlà dúdú mẹ́rin jáde lórí ìwé náà. Ti àwọn àtijọ́ méjèèjì dà sápá kan náà. Ti tuntun apá òsì dà síbẹ̀ pẹ̀lú. Ti tuntun apá ọ̀tún dà sí òdìkejì. Mo tún gbé ìlà ife tuntun ti ìlà àtijọ́ bí ìyàrun méjì tí a fi eyín wọn kọ ara wọn. Àwọn àkọ́kọ́ wọ inú ara wọn. Lẹ́yìn bí ìlà mẹ́rin márùn-ún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ara wọn. Kì í ṣe ìwọ̀n kan náà. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, torí pé ẹ̀ẹ̀kan kì í tó mi. Kò sí iyèméjì: ife Nàìjíríà kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́ Faransé, pàápàá jù lọ ti apá ọ̀tún.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ilé ìwé, mo ká ìwé náà sínú àpò, mo lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Kamarádì ni kó o máa pè mí níbí. Ilé mi ni mo ti ń jẹ́ bàbá."

"Kamarádì," mo ní, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo lẹ́nu mi bí ẹni pé mo ń pe bàbá mi lórúkọ, "ẹ jọ̀ọ́, ife yìí kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́ yìí. Ìlú Faransé ni wọ́n ti ṣe kẹ̀kẹ́ náà. Apá méjèèjì rẹ̀, ọ̀tún la fi ń dè é."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Irin náà ni. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé."

"Télọ̀! Ẹ gbọ́ o! Olùkọ́ mú irin kọ̀wé."

"Nóòtì mélòó ló fún un nínú ìdánwò?" ni télọ̀ béèrè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga.

Délégé rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ó nu ẹnu. "Ọmọ mi, kẹ̀kẹ́ mélòó lo ti tú láyé rẹ?"

"Kò ju ọ̀kan lọ."

"Ìyẹn náà, èmi ni mo tú u sílẹ̀ fún ọ. Fetí sí mi. Apá ọ̀tún, òsì la fi ń dè é. Apá òsì, ọ̀tún. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà á ni yóò máa tú u díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kì í jẹun ọ̀sán títí yóò fi ka ìyẹn fún mi láìṣìnà."

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe irọ́ ló pa. Kẹ̀kẹ́ Nàìjíríà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo kẹ̀kẹ́ Ṣábẹ̀, àwọn tí àgbẹ̀ fi ń kó iṣu láti Boni, bí ó sì ti wí ni wọ́n rí. Ìdí tó sọ náà fìdí múlẹ̀. Àwọn Faransé kàn gbójú lé dídè é le ni. Ẹni tí òfin rẹ̀ tọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún kò ní ìdí láti rò pé èyí tó pé ọgọ́rùn-ún yóò yàtọ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìwé wà nínú àpò mi, kò sì béèrè láti rí i.

"Àbí àwọn Faransé ṣì ni wọ́n ń fi ọ̀tún àti òsì hàn ọ́?" ó ní. "Níbí, àwa ti kúrò lábẹ́ wọn."

"Ó tọ́!" ni télọ̀ wí.

Nígbà náà ló na ọwọ́, tí mo ka hóró irin sí i, tó dà wọ́n sẹ́nu.

Ó to mọ́kànlá sínú ife apá ọ̀tún. Mọ́kànlá yòókù ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó gbé ife náà sẹ́nu ihò, ó ń yí i sí òsì. Kò wọlé. Ó yọ ọ́, ó tún gbé e, kò wọlé. Ó kó òrí púpọ̀ sí i, ó tún gbìyànjú. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwò, ó sì mú òòlù.

Ó wo ojú mi. Ẹnu rẹ̀ kún, kò lè sọ̀rọ̀. Ó gbé ìpéǹpéjú sókè bí ẹni tó ń béèrè pé, ṣé ó wà bẹ́ẹ̀? Mo ti mọ ọkùnrin yìí fún oṣù mélòó kan, mi ò tíì rí i kó dákẹ́ fún àkókò tó tó ìyẹn. Bí mo bá sọ pé "Ẹ dúró," kò sí ohun tó lè fi dá mi lóhùn. Mo lè gbé kẹ̀kẹ́ náà kúrò níwájú rẹ̀ kó tó ráyè tu irin jáde. Télọ̀ pàápàá ti dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró.

Mo dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wọn ìdí tí mo fi dákẹ́. Àkọ́kọ́, ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀. Kì í ṣe púpọ̀. Èkejì, àgbà ni, mo sì ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí wọ́n kọ́ nílé wa kì í já àgbà ní koro lẹ́ẹ̀mejì níta gbangba. Èyí náà wà níbẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ibẹ̀ ni mo máa ń dá a dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta wà, òun ló sì tóbi jù: mo fẹ́ kó ṣe é. Wọ́n ti fi ìwé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ kí irin já a ní irọ́ lójú gbogbo ènìyàn, kí òun àti télọ̀ rí i pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ti mọ ìdáhùn ìṣirò tó ń dúró kí ọmọ kíláàsì kùnà. Ara kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi ra ìyẹn.

Ó lù ú. Ó lù ú títí ẹ̀gbẹ́ ife náà fi wọ inú ihò, lẹ́yìn náà ó fi kílé gùn ún, ó fi ẹsẹ̀ tẹ kílé náà, irin ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Irin wẹ́wẹ́ ń ká jáde láti ẹnu ihò bí èékánná tí a gé, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ òrí, mọ́ itọ́, mọ́ èèrà tó ti kú. Òórùn rẹ̀ ṣì wà ní imú mi. Ní apá òsì, ife náà kéré fún ihò, kò dúró, torí náà ó gé rọ́bà inú táyà tó ti gbó, ó fi wé e, ó sì tún lu ìyẹn wọlé. Lẹ́yìn tí hóró tó gbẹ̀yìn kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó nu ọwọ́ méjèèjì sára ara kẹ̀kẹ́ náà, ó ní:

"Olùkọ́, ṣé ó wọlé àbí kò wọlé?"

"Ó wọlé," mo ní.

Òótọ́ ni. Ó wọlé.

Kẹ̀kẹ́ náà gbé mi dé Sakin lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, láàrin oko àgbàdo, ife apá ọ̀tún yọ ara rẹ̀ jáde, ọ̀pá àárín wọ́, pẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara kẹ̀kẹ́. Mo fi ẹsẹ̀ rìn padà, mò ń tì í. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ délégé, kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó. Ó ní bí mo ṣe ń wà á ni kò dáa, pé ẹni tó bá jókòó síbi ìwé púpọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dọ́gba. Ìtẹ́lọ́rùn tí mo ti dákẹ́ nítorí rẹ̀ kò wá. Kò sí irin kankan tó já a ní irọ́. Ó lọ síbi ìpàdé.

Télọ̀ dúró kí ó lọ tán. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Má bínú. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe tèmi. Ti ìlú Faransé ni, bàbá mi ló fi sílẹ̀. Ó wà lẹ́yìn ilé, adìyẹ ló ń sùn lórí rẹ̀."

Mo wò ó. "Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ sì ń sọ pé ó tọ́, ó tọ́."

"Kí lo fẹ́ kí n sọ?" Ó fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, kò wo ojú mi. "Ìwọ tó o ní ìwé lápò, kí lo sọ?"

Ó rí mi lára ju itọ́ lọ, ju òrí náà lọ. Mo fẹ́ sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí mo lè dúró sí sọ ọ́ tí kì í ṣe ibi tí òun náà dúró sí.

Ẹ̀gbọ́n mi dé nígbà ọyẹ́, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin, ètè rẹ̀ ti bó. Ó kí mi, ó béèrè ilé, ó mu omi. Lẹ́yìn náà ló béèrè kẹ̀kẹ́. Mo ti gbé e sí igun yàrá, mo ti fọ̀ ọ́ lóde, mo ti tú ife méjèèjì kúrò, torí mi ò fẹ́ kó bá rọ́bà náà níbẹ̀. Mo sì ti fi ìwé onílà dúdú mẹ́rin náà sórí tábìlì, mo ti tẹ́ ẹ dáadáa. Mo ti ro ohun tí màá sọ. Mo fẹ́ fi hàn án pé mo ti mọ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Kò wo táyà, kò wo ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ki ìka wọnú ihò apá ọ̀tún, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú ẹnu ọmọ. Ìlà kankan kò sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó fà á jáde, òrí tó ti dúdú bo ìka rẹ̀ dé oríkèé, irin wẹ́wẹ́ àti ẹsẹ̀ èèrà wà nínú rẹ̀. Ó gbé e súnmọ́ imú, ó sì yíjú kúrò.

"Ta ló fi òòlù kàn án?"

"Délégé àdúgbò wa ni, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti sọ fún un pé kì í ṣe ife rẹ̀. Mo dán an wò. Ẹ wo ìwé yìí, ìlà mẹ́ta dà síbí, ìkẹrin..."

"Nígbà tó ń lù ú, níbo lo wà?"

"Mo dúró tì í."

 

Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó mú ìwé náà, ó sì fi nu ìka rẹ̀, lókè, nísàlẹ̀, láàrin èékánná, títí ó fi mọ́. Ó ká a pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí òrí má baà jáde. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Gbà," ó ní. "Tìẹ ni."